Ẹ̀yin Sẹ́nétọ̀ wa, ẹ má pe ará Bakassi ní ọ̀dàlẹ̀

Sí Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti gbogbo ẹ̀yin Sẹ́nétọ̀ tí ẹ jókòó síbẹ̀, ní Abuja.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àìsinmi.

Ọ̀rọ̀ Bakassi, ilẹ̀ apẹja tó wà létí òkun láàárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùn, ni mo bá wá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ti dá ilẹ̀ náà fún Kamẹrúùn, síbẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu wa. Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ náà bá bẹ́ sílẹ̀, ohùn méjì la máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní kí a lọ gba ilẹ̀ wa padà. Àwọn mìíràn á ní àwọn tó jókòó síbẹ̀ tí wọn kò padà wálé ti ta ara wọn: wọ́n ti gba káàdì ìdánimọ̀ Kamẹrúùn, wọ́n ń san owó orí fún un, sẹ́fà, owó Kamẹrúùn, ni wọ́n ń ná, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Ohùn kejì yìí ló mú mi kọ̀wé. Mi ò gbà pé ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó fi ìfẹ́ Nàìjíríà kó ẹrù padà wálé láàárín ọdún 2006 sí 2008, ebi la fi kí wọn káàbọ̀. Àwọn tó kù lẹ́yìn rí i, wọ́n sì fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Ẹ́fíìkì àti Ìbíbíò. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Àwọn èèyàn wa tó ń pẹja láti Ìgbókọ̀dà àti Ayétòrò kò mọ ibodè lórí omi; ibi tí ẹja bá gbà ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ti dé Bakassi, wọ́n ti dé Limbe ní Kamẹrúùn, wọ́n ti dé Gàbọ́ọ̀nù, wọ́n ti bímọ síbẹ̀, wọ́n ti sìnkú síbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ Yorùbá wà nínú ẹjọ́ náà gan-an. Olóyè Richard Akinjídé wà lára àwọn agbẹjọ́rò tó ṣojú Nàìjíríà ní Hague, níbi tí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé wà. Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, ni adájọ́ tí Nàìjíríà yàn láti bá àwọn adájọ́ tó kù jókòó, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tó dìbò tako ìdájọ́ Bakassi nígbà tí mẹ́tàlá fọwọ́ sí i. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu bákan náà, ló wá tọwọ́ bọ ìwé tí a fi yọ̀ǹda ilẹ̀ náà. Ọmọ Òwu méjì, ọ̀kan ní rárá, ìkejì ní ó dáa. Mi ò dá èyíkéyìí lẹ́bi. Aga tí oníkálukú jókòó lé yàtọ̀ síra.

Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí yín, nítorí náà n ó sáré kọjá. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Calabar tọwọ́ bọ̀wé ààbò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1913, Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà jókòó pẹ̀lú Jámánì, wọ́n fa ìlà, Bakassi sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ Jámánì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi apẹja kan léèrè. Nígbà tí Jámánì pàdánù Kamẹrúùn nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso apá ibẹ̀ mọ́ Nàìjíríà, àwọn ará Bakassi sì ń lọ sí Calabar bí ẹni ń lọ sílé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1975, Ọ̀gágun Gowon àti Ààrẹ Ahidjo ti Kamẹrúùn tọwọ́ bọ àdéhùn ní Maroua lórí ojú omi. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon. Ní ìparí ọdún 1993, àwọn ọmọ ogun wa wọ Bakassi. Ní oṣù Kẹta ọdún 1994, Kamẹrúùn pè wá lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá ọdún 2002, ìdájọ́ dé. Àwọn tó ń sọ pé Gowon ló fi Bakassi san oore tí Kamẹrúùn ṣe fún un nígbà ogun abẹ́lé kò ka ìdájọ́ náà dáadáa, ìwé ọdún 1913 ni àwọn adájọ́ gbára lé jù nípa ilẹ̀ yìí.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fẹ́ dúró lé. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì ọdún 1961, wọ́n ní kí àwọn ará Gúúsù Kamẹrúùn tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dìbò: ṣé Nàìjíríà ni wọ́n fẹ́, àbí Kamẹrúùn tó ń sọ Faransé? Àwọn 233,571 yan Kamẹrúùn. Àwọn 97,741 yan Nàìjíríà. Èèyàn tí kò gbọ́ Faransé, tí kò mọ Ahidjo rí, kí ló fà á tí yóò fi gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ? Ọjà àti iṣẹ́ ìjọba wà lára ohun tó fà á. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, pàápàá àwọn oníṣòwò Ìgbò, ti kún ọjà wọn àti ọ́fíìsì wọn, ẹgbẹ́ òṣèlú John Ngu Foncha sì fi ìbẹ̀rù yẹn polongo ìbò kiri. Wọ́n rò pé bí àwọn bá bá Nàìjíríà lọ, àwọn ò ní rí ibi jókòó jẹun. Láti ọdún 2016, ọmọ àti ọmọọmọ àwọn tó dìbò yẹn ló ń bá ìjọba Kamẹrúùn ní Yaoundé fà á, tí àwọn kan nínú wọn sì ti gbé ìbọn, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì sá wọ ìpínlẹ̀ Cross River. Wọ́n ní Yaoundé kò ka àwọn sí nínú iṣẹ́, nínú ilé ẹjọ́, nínú ilé ìwé. Ilẹ̀ kan náà, ìran kan náà, ọkàn wọn sì ti yí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin Sẹ́nétọ̀, ṣé ẹ rò pé àsíá ló yí i?

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 2006, Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Biya ti Kamẹrúùn pàdé ní Greentree, ní ìpínlẹ̀ New York, Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, sì wà láàárín wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún abala kẹta ìwé tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ níbẹ̀ kà. Kamẹrúùn ṣèlérí pé òun kò ní lé ọmọ Nàìjíríà kankan kúrò ní Bakassi, òun kò sì ní fipá mú un láti yí orílẹ̀-èdè rẹ̀ padà. Ó ní òun yóò bọ̀wọ̀ fún àṣà wọn, èdè wọn àti ẹ̀sìn wọn. Ó ní wọn yóò máa roko, wọn yóò máa pẹja lọ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, dúkìá wọn àti ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ wọn lórí ilẹ̀ yóò wà ní ààbò. Ó tún ní òun kò ní bu owó orí lé wọn lọ́nà ìyàsọ́tọ̀. Kò sí ohun tó kù tí ẹnikẹ́ni lè béèrè. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé abala kẹta yìí lórí omi bó ṣe wà nínú ìwé, mi ò ní máa kọ lẹ́tà yìí.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ ọdún 2006, àwọn ọmọ ogun wa bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò. Lẹ́yìn ọdún méjì gédégbé, wọ́n fa gbogbo rẹ̀ lé Kamẹrúùn lọ́wọ́ níbi ayẹyẹ kan ní Calabar. Ọdún márùn-ún tó tẹ̀ lé e jẹ́ àsìkò ìdẹ̀ra: wọn kò gbọ́dọ̀ lo òfin aṣọ́bodè àti òfin ìwọ̀lú Kamẹrúùn lé ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ lórí bó bá ti Nàìjíríà dé. Àsìkò náà parí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013. Láti ìgbà náà, apẹja tó lọ ta edé ní Calabar, tó sì padà sílé ara rẹ̀, àlejò tó ń wọ ìlú onílùú ni lójú òfin.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀ bí apẹja ṣe ń ṣírò. Ohun tó ń ná kí ó tó dà àwọ̀n sómi ni epo bẹntiróò, ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọ̀n fúnra rẹ̀, àti igi ìdáná tí ìyàwó rẹ̀ yóò fi yan ẹja. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kò tó 200 náírà ní ilé epo púpọ̀ ní Nàìjíríà. Kí oṣù náà tó parí, ó ti ń sún mọ́ 500. Ní ìparí ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 ní ibi púpọ̀. Apẹja Bakassi, epo tó ń ti Nàìjíríà gba orí omi wọlé ló fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdí kan tó fi máa ń wo Calabar nìyẹn: ibẹ̀ ni nǹkan ti dínwó díẹ̀. Nígbà tí iye owó epo fò sókè, ọ̀kan nínú okùn tó so ó mọ́ wa já láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé ìbọn.

Owó náà ńkọ́? Wọ́n so sẹ́fà mọ́ yúrò: 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan, lọ́jọ́ òjò, lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Náírà kò ní òpó kankan tó fẹ̀yìn tì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ní iye tí ìjọba fi ń pààrọ̀ owó, 1,000 sẹ́fà kò tó 800 náírà. Kí oṣù mẹ́wàá tó pé, ó ti lé ní 2,000. Obìnrin tó ta agbọ̀n edé rẹ̀ ní náírà, tó fi owó náà pamọ́ de owó ilé ìwé ọmọ, bá a ní ìdajì kí ọmọ tó wọlé ìwé. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ta tirẹ̀ ní sẹ́fà bá owó rẹ̀ níbi tó fi í sí. Ẹ máa bi ara yín, ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ibo ni àwọn méjèèjì yóò kọjú ọkọ̀ sí, Oron ní Akwa Ibom àbí Limbe? Àwọn tó ń sọ pé ará Bakassi ń fi sẹ́fà gbéraga sí wa kò tíì ta agbọ̀n edé kan rí.

Ká sọ òótọ́, lórí ìyẹn náà ni ọ̀rọ̀ káàdì ìdánimọ̀ wà. Ẹni tó bá ní káàdì Kamẹrúùn, àwọn jàǹdámù, ìyẹn ọlọ́pàá ológun Kamẹrúùn, àti sójà orí omi máa ń jẹ́ kó kọjá pẹ̀lú wàhálà díẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú, bí kò bá sì ní in, ohun tó wà lápò rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò fi ṣàlàyé ara rẹ̀. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó gba káàdì kí ọkọ̀ rẹ̀ lè jáde ní òwúrọ̀ kò búra fún Biya. Òfin tiwa pàápàá kò pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Abala 25 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Abala 28 kò sì gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí, bó tilẹ̀ gba ìwé orílẹ̀-èdè mìíràn. Kamẹrúùn ni òfin rẹ̀ ti ọdún 1968 kò fẹ́ kí èèyàn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì. Bí ewu bá wà nínú káàdì náà, ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ló wà.

Ẹ wá jẹ́ ká yí ojú sí àwọn tó padà wálé, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Ìjọba Cross River gé Ìkáńgì kúrò lára ìjọba ìbílẹ̀ Akpabuyo, wọ́n pè é ní Bakassi tuntun, wọ́n kọ́ ilé díẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n wá máa gbé. Èèyàn tó jẹ́ pé orí omi ńlá ni wọ́n bí i sí, tó jẹ́ pé ẹja àti edé nìkan ni iṣẹ́ tó mọ̀, wọ́n gbé e lọ síbi tí ilẹ̀ ti ní olówó, tí oko ti ní olóko, tí òkun sì jìnnà sí i. Àwọn ará Akpabuyo náà kò ṣebi bí inú wọn kò bá dùn. Ta ni wọ́n máa pín ilẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yóò jó? Àwọn ará Bakassi fúnra wọn ti sọ ibi tí wọ́n fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: erékùṣù Day Spring, níbi tí omi wà, tí ọkọ̀ ti lè jáde. Wọ́n sọ ọ́ títí, ohùn há wọn lọ́fun. Ẹnikẹ́ni tó bá tún apẹja gbé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í pé níbo ni ẹja wà. Bí a ò bá ti béèrè ìyẹn, ńṣe la gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a wá fún un ní òrùlé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, ìkọlù ṣẹlẹ̀ ní Efut Obot Ikot ní Bakassi, èrò tún sá wá sí Akpabuyo. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Akwa Ikot Eyo Edem ni wọ́n kó wọn sí. Àwọn ọmọdé tó yẹ kí wọ́n máa kàwé nínú kíláàsì ló ń sùn nínú kíláàsì. Ó sì ṣe, ní ọdún 2018, àwọn ará Kamẹrúùn tí ogun àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lé jáde rí àgọ́ gbà ní Adagom, ní Ogoja, ní ìpínlẹ̀ kan náà. Àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ogúnléndé wà pẹ̀lú wọn, ó fún wọn ní ìwé, ó ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú oúnjẹ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí ogun. Àmọ́ ará Bakassi tó wà ní Ìkáńgì, ọmọ onílé ni, kò sí àjọ kankan tó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé ogúnléndé. Ó wá di pé ní Cross River, ọmọ Kamẹrúùn tó sá wá sí Nàìjíríà ní ẹni tó ń béèrè rẹ̀ ju ọmọ Nàìjíríà tó padà sí Nàìjíríà lọ. Bí mo bá jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn yìí láti Abana, ìlú kan ní Bakassi, lórí omi, mo máa tún àwọ̀n mi ṣe ni, mo máa jókòó sí Abana.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ tí ẹ kì í fẹ́ sọ ni ọ̀rọ̀ kànga epo. Nígbà tí Bakassi lọ, Cross River kò ní etíkun mọ́ lójú òfin. Ní oṣù Keje ọdún 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé kànga epo 76 tó ń gba owó lé lórí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, Akwa Ibom ló ni ín. Mi ò bá Akwa Ibom jà, ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí a gbé ẹrù àwọn tó ń bọ̀ lé lórí ni a gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ ló ń jẹ gbèsè rẹ̀. Bí gómìnà kan bá wá sọ pé òun kò lówó tí òun yóò fi kọ́ èbúté fún àwọn apẹja, ohùn wo la fẹ́ fi dá a lóhùn?

Mi ò ní kí ẹ rò pé Kamẹrúùn ni ó mọ̀ wọ́n tọ́jú. Wọ́n ti yí orúkọ ìlú padà, Abana ti di Jabane, Atabong ti di Idabato. Ní oṣù Keje ọdún 2017, ìròyìn gbalẹ̀ pé àwọn jàǹdámù kọlu àwọn apẹja ọmọ Nàìjíríà nítorí owó orí ọkọ̀, pé ẹ̀mí púpọ̀ lọ sí i. Ìjọba Kamẹrúùn sẹ́ pé àwọn kò pa ẹnikẹ́ni. Iye yòówù kó jẹ́, ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ ni pé owó orí ọkọ̀ ló fa ìjà náà, ohun tí abala kẹta sì kìlọ̀ fún nìyẹn gan-an. Lára àwọn tí ìyà méjèèjì sú, àwọn kan ta àsíá tiwọn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, wọ́n ní àwọn ò ṣe Nàìjíríà, àwọn ò ṣe Kamẹrúùn. A fi wọ́n ṣe ẹ̀rín nígbà náà. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ilé kò gbà, tí ìta kò gbà, kò ní pẹ́ kó wá igi kan fi ṣe òpó ilé tirẹ̀.

Mo mọ èsì tí àwọn kan nínú yín yóò fọ̀. Wọn yóò ní ìfẹ́ ìlú ẹni kì í ṣe ọjà, pé àwọn ọmọ ogun wa kú sí Bakassi láìbéèrè iye tí sẹ́fà jẹ́. Òótọ́ ni, mo sì ń bọlá fún wọn. Àmọ́ ṣé ẹ ti gbàgbé pé àwọn ará Bakassi náà ti fi irú ìfẹ́ yẹn hàn? Àwọn tó tú ilé wọn palẹ̀, tí wọ́n fi ibojì bàbá wọn sílẹ̀, tí wọ́n kó ọmọ sínú ọkọ̀ wá sí Ìkáńgì, Kamẹrúùn kò lé wọn. Ìwé Greentree ní wọ́n lè jókòó. Àsíá ni wọ́n tẹ̀ lé. Bí ìfẹ́ ìlú bá ní ìdánwò, àwọn ló jókòó ṣe é, tí wọ́n sì yege. Ẹ̀bùn wo la fún wọn?

Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, a ti tọ́ díẹ̀ wò nínú irú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ibodè láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019, àwọn ará Ìdìrókò àti Sẹ̀mẹ̀ tí òwò wọn kú kò di ọmọ Bẹ̀nẹ̀ nítorí rẹ̀, kò sí ẹni tó ń du ilẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa Abuja nínú ọjà lásìkò náà, mi ò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fẹ́ kí àgbà kà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, Ilé yín sọ pé yíyọ̀ǹda Bakassi kò bófin mu nítorí pé wọn kò gbé àdéhùn náà wá síwájú yín. Ní ọdún 2012, bí ọdún mẹ́wàá tí òfin fi sílẹ̀ fún àtúnyẹ̀wò ṣe ń tán lọ, ẹ ní kí ìjọba padà sí Hague; ìjọba Ààrẹ Jonathan ní kò sí ẹ̀rí tuntun tí àwọn lè gbé lọ. Àsìkò yẹn ti kọjá. Ẹ jẹ́ ká fi ẹjọ́ ilẹ̀ sílẹ̀ ná, ká mú ẹjọ́ èèyàn. Títí di òní, Bakassi ṣì wà nínú ìwé òfin wa gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 18 tí Cross River ní. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí owó rẹ̀ náà ní ibi tí a lè tọpa rẹ̀ sí. Ẹ pe gbogbo ẹni tí owó ìtúnilégbé ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láti ọdún 2006, kí wọ́n wá ṣírò rẹ̀ ní gbangba.

Èkejì ni omi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ èbúté tó ṣe é gúnlẹ̀ sí, kí yàrá yìnyín àti ibi ìyan-ẹja wà níbẹ̀, kí ó sì jẹ́ ibi tí àwọn apẹja fúnra wọn bá tọ́ka sí, yálà Day Spring ni tàbí ibòmíràn. Bí apẹja bá rí ibi gúnlẹ̀ sí ní Nàìjíríà, tó rí ẹni tó ń ra ẹja rẹ̀ ní iye tó dáa, tí àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lórí omi kò sì tó mẹ́fà, ẹ ò ní láti bẹ̀ ẹ́ kó fẹ́ràn yín.

Èyí tó ṣòro jù nínú rẹ̀ ni ti àwọn tó ṣì wà lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀ tí wọn kò ní ìwé ọjọ́ ìbí Nàìjíríà, tí wọn kò sì ní ti Kamẹrúùn. A ní ọ́fíìsì aṣojú wa ní Buea, a ní òmíràn ní Douala, ṣùgbọ́n apẹja tó wà ní Idabato kò ní fi iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ kí ó wá fi epo olówó gọbọi gba omi lọ tò fún ìwé. Ẹ pàṣẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ náà máa wọ ọkọ̀ lọ bá wọn, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ owó orí. Kí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti àjọ tó ń rí sí ààlà ilẹ̀ wa máa mú ìròyìn wá síwájú yín lọ́dọọdún lórí abala kẹta: iye ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé, owó tí wọ́n gbà, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, àti ohun tí Kamẹrúùn fọ̀ sí i. Ìwé tí àwọn Ààrẹ méjì tọwọ́ bọ̀ ni. Ẹ̀tọ́ wa ni láti máa bi í.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é ní Abuja. Ẹ lọ sí Ìkáńgì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bọ́ sí ọjọ́ tí àwọn apẹja wà nílé, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹja ń rìn. Ẹ pe àwọn obìnrin tó ń yan ẹja wá, torí àwọn ló mọ iye tí nǹkan ń lọ ní ọjà méjèèjì, kí ẹ sì mú ògbufọ̀ tó gbọ́ Ẹ́fíìkì dáadáa dání.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ìlàjẹ kan, ní Èkó